Paykan Aláwọ̀ Ẹ̀dọ̀ Iwájú Ilé Nosrat

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Nosrat jẹ́, abẹ́ èékánná rẹ̀ ni kó wò. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́, síbẹ̀ ọ̀dà pupa kò kúrò níbẹ̀. Eshrat ìyàwó rẹ̀ ti fi kànìnkànìn ha á, ó ti fi bẹntiróòlù nù ún títí ó fi sú u, ó ní ọkọ òun yóò gbé ọ̀dà wọ sàréè ni. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ Paykan lójú ọ̀nà Karaj ni ọkùnrin náà ti jẹun láyé, ní ìsọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀. Kò ṣe iṣẹ́ mìíràn rí, àfi àgùntàn bàbá rẹ̀ tó dà lọ́mọdé.

Láti abúlé kan nítòsí Malayer ló ti wá sí Tehran, lórí àpò àlùbọ́sà, nínú ọkọ̀ akẹ́rù, nígbà tí Shah ọba wa ṣì wà lórí oyè. Ilé-iṣẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérí nígbà náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń di egungun ọkọ̀ ránṣẹ́, àwọn ọmọ tiwa á tò ó, wọ́n á kùn ún, wọ́n á fún un lórúkọ wa. Paykan ni wọ́n pè é, ìyẹn ọfà. Àwọn ọlọ́lá tó ń gun ọkọ̀ Amẹ́ríkà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọfà wo ló ń dúró mu omi lójú ọ̀nà. Ẹnu wọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Kí ọdún mélòó kan tó yí po, ọfà náà ti ta wọ gbogbo ilé.

Òun ni takisí aláwọ̀ ọsàn. Òun ni ọkọ̀ ọlọ́pàá. Òun ni wọ́n ń fi òdòdó bò tí ìyàwó tuntun bá ń lọ sílé ọkọ, òun náà ni ẹbí òkú ń wọ̀ tẹ̀lé ara wọn lọ sí itẹ́. Nígbà ooru, ìdílé odindi á há ara wọn mọ́ inú ẹyọ kan, ìkòkò, ẹní, bàrà, ìyá àgbà, ó di etí òkun Kaspi. Bí wọ́n bá gun òkè Chalus dé àárín, omi inú rẹ̀ á hó, gbogbo wọn á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á mu tíì títí ara ọkọ̀ á fi tutù. Bí bẹ́líìtì fáànù bá já, obìnrin kan á bọ́ ìbọ̀sẹ̀ gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi so ó, wọ́n á sì délé. Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì Paykan? Ọkọ̀ tí kò le koko mọ́ mẹ̀kúnnù ni.

Nosrat náà ra tirẹ̀ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú kí Shah tó lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kùn ún. Àwọ̀ ẹ̀dọ̀ ni àwọ̀ rẹ̀, pupa tó ṣú, bí ẹ̀dọ̀ àgùntàn tí alápatà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí tábìlì. Nígbà tí ó kan ti ara rẹ̀ lórí ìlà, ó tẹ́ ọ̀dà sí i lára ju bí wọ́n ṣe ní kó tẹ́ ẹ lọ, ọ̀gá rẹ̀ rí i, ọ̀gá náà wo ibòmíràn. Ó gbé e wálé ní Javadiyeh, àdúgbò wa, ó sì gbé e kalẹ̀ lábẹ́ igi mọ́bẹ́rì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Eshrat sun èso ẹsifáàndì yí i ká nítorí ojú burúkú, ó fọ́ ẹyin sí iwájú táyà. Farrokh, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kò ju ọmọ ilé-ìwé kékeré lọ, òun ló kọ́kọ́ fun fèrè rẹ̀. Orí itan bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ìdarí. Nígbà tó hu irùngbọ̀n, òun ni í máa ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí ọkọ̀ náà kó tó wọlé, bí ẹni ń kí ẹṣin.

Lẹ́yìn náà ni ogun àwa àti Iraaki dé. Farrokh lọ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí àwọn àbàtà ìhà gúúsù, kò sì padà. Wọn kò gbé òkú rẹ̀ wá. Wọn kò rí orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tí ọ̀tá mú. Ohun tí wọ́n sọ fún Nosrat ni pé wọn kò mọ ibi tó wà. Àwọn àgbà ní "ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi sọnù lọ." Ẹ má ṣe wí i létí Eshrat o, ó lè fi ìbàtà lù yín. Ó ní ẹni tó pa òwe yẹn kò lómi ọmú láyà, pé ọmọ tó sọnù ṣì lè dé, tó bá kú ńkọ́?

Ogun parí. Wọ́n ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn tó wà lẹ́wọ̀n Iraaki wálé, tọkọtaya náà ń gbé àwòrán Farrokh dúró sí ojú ọ̀nà, wọ́n ń nà án sí gbogbo ojú fèrèsé. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ń mi orí. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀sì kò wá mọ́, àfi ẹni kọ̀ọ̀kan tó ń yọ́ dé lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, tí gbogbo àdúgbò á sì máa ké. Àwọn ẹni kọ̀ọ̀kan yìí ló ba ti Eshrat jẹ́. Bí kò bá sí wọn ni, bóyá obìnrin náà ì bá ti sunkún rẹ̀ tán.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìlú ń yí padà mọ́ wọn lójú. Wọ́n fi orúkọ àwọn ọmọ tó bógun lọ sọ àwọn òpópónà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wá bá Eshrat pé àwọn fẹ́ kọ orúkọ Farrokh sí orí ògiri, ó gbé igbá omi dà lé wọn lẹ́sẹ̀, ó ní ẹni tó wà láàyè ni wọ́n fẹ́ sọ di ògiri. Ọmọ aládùúgbò mìíràn ni wọ́n wá fi sọ òpópónà náà, ni orúkọ àtijọ́ bá pa rẹ́. Nígbà tó yá, àwọn onílé ọwọ́ ibẹ̀ pa owó pọ̀, wọ́n wó ilé alámọ̀ tí wọ́n ti ń gbé, wọ́n kọ́ ilé alájà gogoro. Nosrat gba ìyàrá ìsàlẹ̀. Wọ́n gé igi mọ́bẹ́rì.

Ọjọ́ tí wọ́n gé igi náà ni Eshrat sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Farrokh, gbọ́ mi. Orúkọ òpópónà tí ọmọ yẹn mọ̀ kọ́ nìyí. Ilé tó mọ̀, wọ́n ti wó o. Igi ti lọ. Bó bá dé lónìí, kí ni yóò fi mọ̀ wá? Ọkọ̀ yẹn nìkan ló kù. Má gbé e kúrò níbẹ̀."

Nosrat kò gbé e kúrò níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló ń wà á yí àdúgbò ká kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú, á sì gbé e padà sí ojú ibi tó ti gbé e. Bó bá rí ibi tí ìpẹtà ti fẹ́ jẹ ẹ́, á ha á, á kùn ún. Gbogbo wa mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ síbẹ̀. Ṣé Nosrat náà gbà gbọ́ pé ọmọ ń bọ̀? Nígbà mìíràn ó gbà, nígbà mìíràn kò gbà, ṣùgbọ́n kíkùn ọkọ̀ náà ń jẹ́ kó rí nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò rí nǹkan ṣe sí.

Ohun kan wá ń bà á lẹ́rù tí kò lè sọ fún obìnrin náà. Paykan pọ̀ jù. Bí ẹ bá dúró ní ẹnu òpópónà wa nígbà náà, pupa, funfun, aláwọ̀ ọ̀run, wọ́n tò lọ bí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà. Èwo ni ọmọ á fi mọ èwo?

Àṣé ìyẹn náà ń bọ̀ wá tán. Ọkọ̀ tí gbogbo wa jọ fẹ́ràn, ó wá di pé a ń tijú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń fẹ́ ọkọ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Wọ́n ní Paykan ń mu epo bí ràkúnmí ṣe ń mu omi, wọ́n ní èéfín rẹ̀ ló pa àwọn arúgbó Tehran. Kí ni irọ́ ń bẹ níbẹ̀? Èmi náà wúkọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba ní ó tó, wọ́n ṣe ti ìkẹyìn. Wọ́n pe àwọn tó ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n wá wò ó bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí ìlà, Nosrat wọ kóòtù tó fi gbéyàwó, ó lọ. Wọ́n fi òdòdó sí i lórí. Àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n ń sunkún, wọ́n ń gbá ara wọn mọ́ra. Nosrat kò sunkún. Ó rọra súnmọ́ ọkọ̀ náà, ó fi ìka kàn án, ó ní ọ̀dà rẹ̀ fẹ́lẹ́.

Nígbà tó délé, Eshrat bi í bóyá lóòótọ́ ni pé wọn kò ní ṣe é mọ́. Ó ní lóòótọ́ ni. "Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run," ni obìnrin náà wí, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Nosrat wò ó bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, òun ṣe iṣẹ́ náà títí òun fi di arúgbó, ìyàwó òun sì ń dúpẹ́ pé iṣẹ́ náà kú. Ṣùgbọ́n Eshrat ti ṣírò tirẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ṣe ń kúrò níta ni tiwọn yóò ṣe máa dá yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba Paykan àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ, wọ́n ń fún àwọn tó ni wọ́n ní ẹ̀dínwó lórí tuntun. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń dín kù ní Javadiyeh. Bí ọ̀kan bá ti lọ, Eshrat á wá sọ ọ́ nídìí tíì pẹ̀lú ayọ̀, á ní ti alábẹ́rẹ́ ti lọ, á ní ti oníwàrà ti lọ. Níkẹyìn, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo ní gbogbo òpópónà náà, aláwọ̀ ẹ̀dọ̀, ó ń dán yinrin.

Ìgbà náà ni Safar dé.

Ọkùnrin kan tó ń fa ẹsẹ̀ ni, ará Borujerd, irun rẹ̀ ti ń funfun ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó kan ilẹ̀kùn, ó ní òun àti Farrokh jọ wà lójú ogun ni, pé ọ̀tá mú òun, òun ṣẹ̀wọ̀n, òun bọ́, àìsàn dá òun dùbúlẹ̀ tipẹ́. Eshrat di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó bọ́ bàtà tán kó tó bi í bó ṣe mọ ilé. Safar ní Farrokh ti sọ fún òun nípa igi mọ́bẹ́rì, òun wá a títí, kò sí igi. Òun bèèrè orúkọ òpópónà, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí òun wá bèèrè Paykan aláwọ̀ ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì, kíá ló nawọ́ síbí.

Eshrat yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ tó ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún Safar, ó sọ ọ́ bí ẹni tó jàre, pé ìdí tí àwọn fi pa ọkọ̀ náà mọ́ nìyẹn, kí Farrokh lè rí ilé. Safar gbé tíì mu, ó gbóná, ó sun ún lẹ́nu, ó sì tún gbé e mu. Obìnrin náà bi í bó ṣe rí ọmọ òun gbẹ̀yìn. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ni, láàárín esùsú, ogun fọ́n àwọn ká. Eshrat di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Ẹni tó fọ́n ká, ó lè tún kó jọ. Ó ní Safar kò gbọ́dọ̀ lọ láìjẹun, ó wọ ilé ìdáná lọ wo ọbẹ̀ àgùntàn àti ẹ̀wà tó gbé kaná, ayọ̀ ń gbé e sáré bí ọmọge.

Safar ní ara òun ń fẹ́ atẹ́gùn. Òun àti Nosrat jáde síta, wọ́n dúró ti ọkọ̀ náà. Ó fi ọwọ́ pa á lára.

"Bàbá, ẹ tọ́jú ẹ̀ o," ló wí. "Bí Farrokh ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí."

Kí ni ẹ fẹ́ kí ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ọkọ̀ náà sọ? Ní ìlú wa, bí ẹnìkan bá yin aago ọwọ́ rẹ, dandan ni kí o ní kó máa mú un lọ. Ó sì di dandan kí òun náà ní ọwọ́ rẹ ló ti yẹ ẹ́. Onítakisí pàápàá, bí o bá bi í pé èló ni, á ní kò tó nǹkan, kí o máa lọ. Máa lọ lóòótọ́ kí o wò ó. Bí ìgbà tí ẹni tó ń jẹun bá ní ẹ wá jẹun ni, tí ẹni tó ń kọjá á dáhùn pé ó gba ibi ire. Ta ló ń bọwọ́ sábọ́ olóúnjẹ? Bẹ́ẹ̀ ni Nosrat ṣe la ẹnu rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

"Kò tó nǹkan. Tiyín ni. Ẹ máa gbé e lọ."

Safar kò sọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó wo bàbá náà lójú. "Bàbá, ṣé ẹ ti rò ó dáadáa?"

Nosrat rò pé ọ̀nà tí àwọn ará Borujerd ń gbà ṣe é nìyẹn. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rò ó," ló fèsì.

"Ìyá ńkọ́?"

"Ẹ fi ti Ìyá sílẹ̀. Ẹ̀mí mi ni mo fi bẹ̀ yín, ẹ gbé e."

Omi lé ròrò sí Safar lójú. Ó fẹnu ko èjìká arúgbó náà. "Ọlọ́run á tù yín nínú, Bàbá," ló wí, ó sì na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́.

Ẹyin lohùn. Nosrat gbọ́ bó ṣe fọ́. Ó lè ní eré ni, ó lè rẹ́rìn-ín, kó fi ọwọ́ gbá ọ̀dọ́kùnrin náà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ọmọ rẹ̀ jìyà òtútù lójú ogun ló na ọwọ́ sí i, arọ ni, ó jọ pé kò ní. Ta ló máa fà sẹ́yìn lórí ohun tó ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ bẹ ènìyàn pé kó gbà? Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì fún un. Safar ní òun kò lè tún wojú Ìyá, kí ó bá òun kí wọn. Ẹ́ńjìnnì náà jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Eshrat jáde pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí ọkọ rẹ̀ tó dúró ti àbàwọ́n epo tó wà nílẹ̀. Nosrat ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún gbọ́ létí òun fúnra rẹ̀. Obìnrin náà gbé abọ́ kalẹ̀ sórí ilẹ̀.

"Ọ̀nà ilé ọmọ mi lo fi ta lọ́rẹ yẹn," ló wí. "O fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní ènìyàn rere."

Láti ọjọ́ náà, kò bá a sọ̀rọ̀ ju èyí tó bá di dandan. Á se oúnjẹ, á gbé e síwájú rẹ̀, á lọ dúró lójú fèrèsé. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àjà òkè gbé ọkọ̀ funfun sí ojú ibi tí Paykan wà. Eshrat fi í ré títí ó fi gbé e kúrò. Ó tún gbé e padà. Nosrat ń rí gbogbo rẹ̀, ó ń tì í lójú láti gba ọrẹ padà, ìtìjú náà sì dì mọ́ ọn lọ́rùn títí òjò dídì fi dé. Níkẹyìn obìnrin náà kò jẹun mọ́. Nosrat wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Borujerd.

Nínú bọ́ọ̀sì náà ló ti ń to ọ̀rọ̀. Yóò ní ara Eshrat kò yá, yóò ní nítorí obìnrin ni, ẹ mọ obìnrin. Kò tilẹ̀ wá ilé Safar rárá, Paykan náà ló kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n da aṣọ onírun bo iwájú rẹ̀. Safar ń fi í gbé àwọn olùkọ́ lọ sí àwọn abúlé orí òkè, ìyẹn ló ń fi bọ́ ilé. Inú rẹ̀ dùn láti rí bàbá náà, ìyàwó rẹ̀ gbé tíì àti ṣúgà oníhóró wá, ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Nosrat mu tíì kan, ó mu èkejì. Ọ̀rọ̀ tó tò nínú bọ́ọ̀sì sì ti pòórá.

"Ọmọ mi," ló wí nígbẹ̀yìn, "má bínú. Ọkọ̀ yẹn, ojú ayé ni mo ṣe. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìyá Farrokh ní bó bá dé, kò ní mọ ilé."

Safar gbé ife kalẹ̀. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ lọ wo àwọn ọmọ ní ìyàrá kejì, ó sì dúró títí ilẹ̀kùn fi pa dé.

"Bó bá dé láti ibo, Bàbá?"

Nosrat gbójú sókè wò ó.

"Mo bi yín bóyá ẹ ti rò ó, ẹ ní ó ti pẹ́. Mo bi yín nípa Ìyá. Mo rò pé ẹ ti mọ̀ ni. Mo rò pé Ìyá nìkan ni kò mọ̀, pé ẹ ń fi ọkọ̀ yẹn sọ fún mi pé kí n má wulẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbogbo ojú ọ̀nà títí mo fi délé. Bí mo bá mọ̀ pé ẹ ṣì ń retí rẹ̀, ṣé mo máa fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ yẹn?"

"Ṣé o rí i?"

"Ọwọ́ mi yìí náà ló kú sí."

Ó wá sọ ọ́, ilẹ̀ ló ń wò. Omi dé wọn ní ìbàdí, ọta bá Farrokh lọ́rùn. Safar wọ́ ọ títí dé ibi tí ilẹ̀ ti le díẹ̀. Ọmọ náà wà láàyè títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tó tán, Safar fi esùsú bò ó, ó fi ẹrẹ̀ lé e, ó ní òun á padà wá gbé e, ilẹ̀ mọ́, ọ̀tá sì mú òun náà. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó wá sí Javadiyeh ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ibi tí oníbúrẹ́dì wà ló máa ń dé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbà á mọ́.

"Ṣé ó sọ nǹkan?" ni Nosrat bi í.

"Ó ní òtútù ń mú òun."

Nosrat jókòó. Sítóòfù ń jó. Kò sunkún, ó ń fi èékánná kan ha ìkejì, bí ẹni tó fẹ́ yọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òun tó ti ń gbà gbọ́ nígbà kan tí kò sì gbà nígbà mìíràn, ó wá rí i pé òun ti gbà gbọ́ ní gbogbo ìgbà. Safar ti gbé kọ́kọ́rọ́ síwájú rẹ̀ lórí ẹní, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó mú un.

"Má mú un padà fún mi," ni Nosrat wí. "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ta ni yóò mọ̀ ọ́n?"

"Bàbá, ẹ má ṣe ojú ayé fún mi mọ́, ẹ jọ̀ọ́."

"Èyí kì í ṣe ojú ayé."

Ó padà sí Tehran ní ọjọ́ kejì. Ó ti pinnu pé òun yóò sọ ọ́. Yóò ní kó jókòó, yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú, yóò sọ ti esùsú, yóò fi ti òtútù sílẹ̀. Eshrat ti wà lẹ́nu ọ̀nà kó tó yọ, ó ti da ṣọ́dà, aṣọ ìborí gbọọrọ aláwọ̀ òdòdó, borí, ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀.

"Ṣé ó fún ọ?"

Nosrat la ẹnu. Ojú obìnrin náà wà lójú rẹ̀, ó ti rù, gbogbo ìrètí tó kù fún un láyé ló kó jọ síbẹ̀.

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ," ló wí. "Ìjọba ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Eshrat wọlé. Ó jókòó. Nosrat rò nínú ara rẹ̀ pé bóyá irọ́ náà ti ṣe iṣẹ́ tí òótọ́ ì bá ṣe, pé bí kò bá ti sí ọkọ̀, ìrètí á rọra kú fúnra rẹ̀, kò ní sí ẹni tó pa á. Ó sùn ní òru yẹn bí ẹni tó mu oògùn.

Nígbà tó jí, Eshrat kò sí nínú ilé. Ọkọ̀ funfun ti lọ síbi iṣẹ́. Obìnrin náà ti gbá yìnyín kúrò ní ojú ibi tí Paykan máa ń wà, ó gbé àpótí ìdáná síbẹ̀, ó jókòó lé e, ó kọjú sí ẹnu òpópónà. Ó ti tú ṣọ́dà kúrò níwájú orí díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè hàn, tòun ti òtútù yẹn. Àwọn aládùúgbò ń kọjá, wọ́n ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn.

Nosrat lọ bá a, ó ní kó wọlé.

"Bàbá Farrokh," ni obìnrin náà wí, "sọ òótọ́ fún mi, má tàn mí. Ṣé ojú mi ti yí padà púpọ̀? Ṣé á mọ̀ mí?"

Nosrat wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Á mọ̀ ọ́," ló wí.

Ó wọlé lọ, ó gbé àpótí kan jáde, ó jókòó tì í, àwọn méjèèjì ń wo ẹnu òpópónà.